Àlejò Tó Mú Ọ̀bẹ Nílẹ̀

Nínú gbogbo apànìyàn tó ti jáde nínú fíìmù ní Berlin, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Gotthold Pahlke. Ọwọ́ gan-an ni à ń wí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èékánná rẹ̀ kúrú, ó mọ́ tónítóní, etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń funfun báláú, nítorí pé iṣẹ́ agbáwo ni ó fi ayé rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa ni ó ti ń gbé oúnjẹ fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, títí ó fi di ẹni tí gbogbo àlejò ń pè ní Herr Ober, àgbà agbáwo tí àwọn agbáwo kéékèèké máa ń wò lójú kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ó lè gbé àwo ọbẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó gba àárín àwọn ọ̀gágun tó ti mutí yó kọjá, kí ẹ̀kán kan má sì bọ́ sílẹ̀. Òfin kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì náà tí wọ́n fi kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀: àlejò kò gbọdọ̀ rí ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ṣíbí tàbí ọ̀bẹ bá ti ta gíján nílẹ̀, kí àlejò tó yí ọrùn, Pahlke ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fi aṣọ ìnuwọ́ mú un, ó ti fi í sẹ́yìn, òmíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ojú kò ti àlejò, ọ̀rọ̀ kò sì dá dúró lórí tábìlì. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Òfin yìí ti wọ Pahlke lára débi pé nílé pàápàá, bí Alwine ìyàwó rẹ̀ bá ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kò tíì ní bojú wolẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ á ti fi lé e lọ́wọ́.

Ogun dé, ebi dé, ogun lọ, ebi kò lọ. Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú yẹn jà, tó gbé ọmọdé, tó gbé àgbà. Pahlke dùbúlẹ̀ títí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò kú. Alwine kò gbà kó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé kì í gbọ̀n nígbà gbogbo. Bó bá jókòó sí ilé ìdáná tó ń bó ọ̀dùnkún, ọwọ́ náà a dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó gbé tíréè, kí ó sì mọ̀ pé ojú ẹnìkan wà lára òun, àwọn ìka náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe da ọbẹ̀ gbígbóná sí ìyàwó adájọ́ kan lẹ́sẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kò pariwo lé e lórí. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìn, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Pahlke kò fẹ́ sinmi. Ó gbé ìwé ìyìn náà káàkiri ilé oúnjẹ tó wà nílùú, gbogbo wọn kà á, gbogbo wọn yìn ín, gbogbo wọn sì ní kó gbé tíréè kí àwọn wò. Ìwò yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Èyí tó dùn ún jù ni ti Ọ̀gbẹ́ni Dröse, tó ní ilé oúnjẹ ní àdúgbò Weissensee níbí, kò jìnnà sí ilé Pahlke. Dröse ká ọwọ́ lé àyà, ó ń wò ó bó ṣe gbé gíláàsì méjì lórí tíréè kọjá láàárín àwọn tábìlì òfìfo. Gíláàsì ń lu ara wọn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Dröse kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gba tíréè lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ bíà fún un, ó ní kó jókòó. Pahlke fi ọwọ́ méjèèjì mu bíà náà, ó dúpẹ́, ó jáde. Ìkà ì bá sàn fún un ju àánú yẹn lọ.

Láti ọjọ́ náà kò wá iṣẹ́ agbáwo mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń jẹ kábéèjì wọn lálẹ́, Alwine a rí i tó ń tún fọ́ọ̀kì tò, tó ń fi ìka wọn bí àyè tó wà láàárín àwo àti etí tábìlì ṣe tó. Alwine ni ó ń bọ́ wọn nígbà náà, tó ń lọ aṣọ fún àwọn ènìyàn, inú ilé sì gbóná fún irin ìlọṣọ tọ̀sán-tòru.

Kóòtù tó ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ni ó gbé Pahlke dé inú fíìmù. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi kóòtù dúdú onírù wọn, aṣọ òde àwọn ọlọ́lá, pààrọ̀ ọ̀dùnkún lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn onífíìmù, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ya fíìmù nínú ilé onígíláàsì ní Weissensee, ń wá àwọn tí yóò jókòó sẹ́yìn àwọn òṣèré ńlá gẹ́gẹ́ bí ọlọ́lá. Ẹni tó bá ní kóòtù onírù tirẹ̀, wọ́n á san owó tó dára fún un. Pahlke fẹ́ ta tirẹ̀ nígbà ebi, àmọ́ Alwine gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ta òun.

Pahlke wọ kóòtù, ó lọ sí ilé kọfí ní Friedrichstrasse níbi tí àwọn èrò fíìmù máa ń jókòó sí láràárọ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Zabel, igbákejì olùdarí, máa ń wá, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, a sì máa ṣa ènìyàn bí ẹni ń ṣa iṣu. Ó wo kóòtù Pahlke lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka pè é. Bẹ́ẹ̀ ni agbáwo ṣe di ọlọ́lá. Lónìí yóò jẹ́ aṣojú ìjọba, lọ́la yóò jẹ́ olówó báńkì. Bó bá délé, Alwine a máa kí i láti ẹ̀yìn irin ìlọṣọ rẹ̀.

"Ọlọ́lá jùlọ," a ní, "eérú inú ààrò ti ń retí rẹ láti àárọ̀."

Pahlke a rẹ́rìn-ín, a sì gbé eérú dànù. Ṣùgbọ́n kò gbádùn iṣẹ́ náà rárá. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó kí ẹlòmíràn máa gbé oúnjẹ. Àwọn tí wọ́n fi ṣe agbáwo nínú fíìmù jẹ́ ìyà fún ojú rẹ̀: èyí ti àtàǹpàkò bọ inú ọbẹ̀, ìyẹn gba apá òsì gbé wáìnì sílẹ̀. Pahlke a máa di ọwọ́ ara rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì. Ó sì mọ̀ pé bí Zabel bá fi lè sọ pé òun kò wúlò, kò sí ibòmíràn tí òun ń lọ mọ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé fíìmù kan dé tí wọ́n pè ní "Ta Ló Pa Báróònì Trossow?" Irú fíìmù ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí eṣú nígbà náà, wọ́n á yà á tán kí òjò ìrúwé tó dá, ìgbà òtútù kò sì ní bá a lórí aṣọ sinimá mọ́. Ìtàn rẹ̀ kò le. Báróònì olówó kan se àsè ńlá, wọ́n gún un lọ́bẹ lórí ìjókòó, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì wá tú àṣírí pé ọmọ arákùnrin Báróònì, tó fẹ́ jogún, ni ó gún un. Ọmọ tó wọ sinimá lẹ́ẹ̀mẹta láyé rẹ̀ ti mọ̀ kó tó jókòó. Olùdarí fíìmù náà, Ọ̀gbẹ́ni Tessmer, mọ̀ pẹ̀lú, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i, àmọ́ òun náà ní láti jẹun.

Ọjọ́ àsè náà, ooru inú ilé onígíláàsì tó ohun tí a fi ń yan búrẹ́dì. Wọ́n tẹ́ tábìlì gígùn, wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ yíyan sí àárín, wọ́n sì ti wọ́n kẹrosíìnì sí gbogbo rẹ̀ lórí kí ebi má baà jẹ́ kí àwọn àlejò jẹ ẹ́ kí kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Pahlke jókòó sí etí tábìlì níwájú, nítorí kóòtù rẹ̀ ló dára jù. Òdìkejì rẹ̀ ni Arábìnrin Leontine Busse wà, àgbà òṣèrébìnrin orí ìtàgé tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n Báróònì. Tessmer ṣàlàyé fún gbogbo wọn: Báróònì yóò ṣubú lulẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gún un yóò bọ́ sílẹ̀, gbogbo àlejò yóò sì di òkúta títí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò fi wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìka. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àyè wà láti yà á, torí pé oòrùn ti ń lọ, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti gba ibẹ̀ fún ọjọ́ kejì, wọn yóò tú gbọ̀ngàn náà palẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ọwọ́ kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Báróònì ṣubú. Ọ̀bẹ ta gíján nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Pahlke.

Àwọn àlejò di òkúta lóòótọ́. Èyí la ẹnu, ìyẹn di àyà mú, Arábìnrin Busse na ọwọ́ sókè ó sì fi í síbẹ̀ bí ère. Láàárín gbogbo òkúta yìí ni Gotthold Pahlke ti dìde díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi aṣọ ìnuwọ́ mú ọ̀bẹ náà, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sẹ́yìn, ó sì dúró gbọn-in pẹ̀lú ojú tí kò sọ nǹkan kan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọlé, ó wo ilẹ̀, kò rí ọ̀bẹ. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó yíjú sí olùdarí.

Zabel ni ó kọ́kọ́ lanu. "Ta ni ọ̀bọ yẹn?" ó pariwo. "Mò ń bi yín! Ta ló gbé ọ̀bọ yẹn wá síbí?"

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rán an létí. Pahlke wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni ó tó mọ ohun tí òun ṣe. Oòrùn ti wọ inú ìkùukùu. Tessmer dé fìlà, ó jáde. Zabel wá sọ fún Pahlke ní ojú gbogbo ènìyàn pé kò gbọdọ̀ tẹ ilé kọfí Friedrichstrasse mọ́, pé bó bá rí kóòtù yẹn níbẹ̀, òun yóò fi í nu bàtà.

Nígbà tó délé, Alwine kò bá a jà, kò tutọ́ sókè kó fojú gbà á. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé irin kalẹ̀.

"Pahlke," ó ní, "nígbà tí o mú ọ̀bẹ yẹn, ṣé ọwọ́ rẹ gbọ̀n?"

Ó rò ó títí. Kò mọ̀. Kò tilẹ̀ rántí pé òun ní ọwọ́ nígbà náà. Alwine mi orí, ó tún mú irin rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Zabel fúnra rẹ̀ ni ó padà ń sọ ọ́ káàkiri bí ẹni pé ọgbọ́n tirẹ̀ ni. Wọ́n fọ fíìmù náà, wọ́n tan án sára ògiri kí wọ́n lè mọ bí ìbàjẹ́ náà ṣe tó. Gbogbo ènìyàn dúró bí òkúta, ọkùnrin kan ṣoṣo ń rìn. Kò kánjú. Kò wo òkú. Ó mú ọ̀bẹ, ó nù ún, ó gbé e pamọ́, ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ara gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà bù máṣọ. Tessmer ní kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n tún un tàn. Ó ní, "Òun ló pa á." Zabel bi í pé ta ni. Ó ní, "Ọmọ arákùnrin kọ́ mọ́. Ọkùnrin yìí ni. Ẹ lọ bá mi wá a."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n yí ìtàn náà padà: àlejò yẹn jẹ́ ẹnìkan tí Báróònì fi ìyà jẹ nígbà èwe rẹ̀, tó wá dàgbà, tó di ọlọ́lá, tó padà wá gba ẹ̀san. Òṣèré tó ń ṣe ọmọ arákùnrin bínú títí ó fi ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n rán Zabel. Ó gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀yìnkùlé tí Pahlke ń gbé dé òkè pátápátá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alwine ni ó ṣílẹ̀kùn, irin gbígbóná lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ó ní. "Ṣé kí n bá yín pe ọ̀bọ náà?"

Zabel bọ́ fìlà. Wọ́n ní kò bọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí Pahlke ṣe, ó ṣe é láìsí wàhálà. Ó rìn bí wọ́n ṣe ní kó rìn, ó fi ojú wo ibi tí wọ́n ní kó wò. Tessmer bi í pé kí ló mú un mú ọ̀bẹ ọjọ́ yẹn, ó sì ṣàlàyé òfin òtẹ́ẹ̀lì fún un. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Arábìnrin Busse. Ó ku àwòrán kan ṣoṣo: ọwọ́ nìkan, títóbi, tó kún gbogbo ojú aṣọ sinimá, tí yóò mú ọ̀bẹ nílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn gan-an. Ẹni tó ń yí ọwọ́ kámẹ́rà tẹ ojú mọ́ ọn, Tessmer kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Zabel tẹ̀ síwájú, gbogbo àwọn oníṣẹ́ ilé náà sì yí wọn ká.

Pahlke na ọwọ́, ó ń gbọ̀n. Ọ̀bẹ lu ilẹ̀ pákó tátátá kó tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n tún un yà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tessmer ní kó mí sínú, ó mí sínú. Ó ní kó ronú nǹkan mìíràn, kò rí nǹkan mìíràn rò. Ní ìgbẹ̀yìn aṣọ ìnuwọ́ pàápàá ń gbọ̀n. Zabel ní kí wọ́n lo ọwọ́ tòun, àmọ́ ó ti jẹ èékánná rẹ̀ dé ẹran. Pahlke dìde. Gbogbo ara rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn, ojú sì ń tì í ju ti ọjọ́ tó da ọbẹ̀ sí ìyàwó adájọ́.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ má bínú. Ọwọ́ yìí ti kú. Ẹ wá ẹlòmíràn."

Arábìnrin Busse jókòó sí igun ilé onígíláàsì náà, ó ti bọ́ bàtà, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lórí tábìlì kékeré. Gbogbo wọn tilẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọ̀bẹ tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni, ó ń rún búrẹ́dì ẹnu rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé oúnjẹ.

"Herr Ober."

Pahlke ti débẹ̀ kó tó pe orúkọ náà tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, aṣọ ìnuwọ́ yí i ká, ọ̀bẹ lọ sẹ́yìn, òmíràn dé ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró bí ọwọ́ ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Arábìnrin Busse gbé ojú sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá yíjú sí Tessmer.

"Ẹ gbé kámẹ́rà yín wá síbí," ó ní, "kí ẹ sì yéé ká a mọ́. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ pè é níṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Wọ́n dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ ẹ̀yìn, àgbà obìnrin náà ń jẹun, ó ń ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó, ṣùgbọ́n ó tún pè é ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní inú òun dùn sí i.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Ìwé ìròyìn kan sọ pé ó gùn jù, òmíràn kò sọ nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀ ní àwọn sinimá ńlá, ó bọ́ sí àwọn kékeré, ó dé tiwa ní Weissensee, ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ yẹn bá kún ojú aṣọ, tó nà wálẹ̀, tó mú ọ̀bẹ bí ẹni mú òdòdó, gbogbo ilé a pa lọ́lọ́, ẹni tó ń tẹ dùùrù pàápàá a gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Nínú ilé tí àwa àti Pahlke jọ ń gbé, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn bí Pahlke bá ń bọ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ń gé búrẹ́dì tó tóbi ju owó rẹ̀ lọ fún un, kò sì ní wo ojú rẹ̀. Pahlke ní Ọlọ́run mọ̀ pé òun kò tilẹ̀ lè pa eṣinṣin. Alwine ní kó pa ẹnu mọ́, kí búrẹ́dì náà má baà tún kéré.

Ọjọ́ kan ni Dröse gun àtẹ̀gùn náà dé. Ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Mo wo fíìmù yín," ó ní.

Pahlke ní, "Irọ́ ni, Ọ̀gbẹ́ni Dröse. N kò pa ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ rò pé mo ya òmùgọ̀ ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ, kí n lè rí ọwọ́ yẹn dáadáa. Àwòrán lè sọ agbáwo di apànìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí apànìyàn tó lè mú ọ̀bẹ nílẹ̀ báyẹn." Ó yí fìlà rẹ̀ po. "Ẹ wá bá mi ṣiṣẹ́."

Pahlke wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá wò mí, yóò gbọ̀n."

"N kò ní wò yín. Inú ilé ìdáná ni n ó wà."

Alwine dá sí i láti ìdí irin rẹ̀. "Àwọn tó wá jẹun ńkọ́? Ṣé ẹ ó dì wọ́n lójú ni?"

Dröse kàn sọ pé ọjọ́ Sátidé ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń bọ̀ wá jẹun, ó kí wọn, ó lọ. Títí di ọjọ́ Sátidé, Pahlke kò jẹun dáadáa. Iṣẹ́ tó fẹ́ ju ohun gbogbo lọ ti wá bá a nílé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á ju ebi lọ. Bó bá tún da nǹkan sí ènìyàn lára, kò ní sí ẹni tí yóò tún pè é mọ́ láyé, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní dìde mọ́. Alwine fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi sítáàṣì sí i títí ó fi le bí pákó, ó tì í jáde.

Nígbà tó ti ilé ìdáná yọ pẹ̀lú tíréè ọbẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Àwọn àwo bẹ̀rẹ̀ sí í dún díẹ̀díẹ̀ lórí tíréè. Ó fẹ́ yí padà. Ìgbà náà ni alápatà kan, tí ohùn rẹ̀ nípọn jù nínú ẹgbẹ́ akọrin, gbé ọwọ́ sókè.

"Herr Ober, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀bẹ wá fún tábìlì tiwa," ó ní. "Ṣíbí ti tó wa."

Ẹ̀rín bú sọ. Pahlke tẹ orí ba fún un bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọ̀gágun.

"Bó ṣe wù yín, ọ̀gá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni a ti ra ẹran náà, ó sì le."

Alápatà ni ó rẹ́rìn-ín jù. Pahlke gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó lọ sí ẹnì kejì, ó lọ sí ẹnì kẹta, kó tó ṣàkíyèsí pé tíréè ti dákẹ́. Ó yé e nígbà náà, bó ti ń dúró ti èjìká ènìyàn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn náà, apànìyàn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ẹni tó pa Báróònì Trossow, inú wọn ń dùn, ara wọn ń bù máṣọ. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó ń wo arúgbó tí ọ̀fìnkìn dá wó, láti mọ̀ bóyá yóò da ọbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó sì ṣe é. Dröse, tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní wò, dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀yìn kọ ọ́, ó ń fi etí wá ìró àwo tó fọ́. Kò gbọ́ ọ̀kankan.

Ọdún lọ, fíìmù náà di ohun tí a kò rántí mọ́, Pahlke kò sì kúrò ní ilé Dröse. Àwọn ènìyàn ń ti àdúgbò Pankow wá jẹun níbẹ̀ kí apànìyàn lè bu ọbẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n nígbà mìíràn, a kì í purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí yóò ṣe: a dúró, a fi ojú tútù ti inú fíìmù yẹn wo àlejò náà, àlejò a gbọ̀n, tirẹ̀ a sì dákẹ́.

Alwine ni kò tíì débẹ̀. Aya agbáwo kì í wọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òtẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó lè yàtọ̀. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò rí ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí. Dröse ni ó pe Alwine lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, tó fi í sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó sì ní kò gbọdọ̀ dìde fọ nǹkan kan.

Ó jókòó pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí, ó di báàgì mú lórí ẹsẹ̀. Pahlke jáde. Kò mọ̀ pé ọkọ òun ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn láàárín àwọn tábìlì bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé, ó gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, gíláàsì kún kí ọwọ́ tó wá a, ọmọ kan ju ṣíbí, kò sí ẹni tó rí ibi tí ṣíbí náà wọlẹ̀ sí. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ láti apá ọ̀tún, ẹ̀kán kan kò bọ́. Ó tẹrí ba fún un bí ó ṣe ń tẹrí ba fún ìyàwó àwọn adájọ́.

"Ìyáàfin," ó ní, "ẹ jẹun dáadáa."

Omi bọ́ lójú Alwine, ó sì jẹ́ kó bọ́. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ tún bàjẹ́ fún gbogbo ọdún tí òun kò fi rí i. Obìnrin tó wà ní tábìlì kejì rò pé ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó fẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" ó ní. "Òun ló pa Báróònì."

Alwine nu ojú, ó mú ṣíbí.

"Ọkọ mi ni," ó ní. "Agbáwo ni."